Omi Òfuurufú Alàgbà Lazarus

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó jókòó ti ìtàn yìí, ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà. Alàgbà Lazarus Akínrẹ̀mí kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun níbi tí bàtà bá wà. Bí ẹ bá ti bọ́ ọ tán, ẹ wá pe orúkọ náà dé ìdí, nítorí ẹni tó bá pè é lábọ̀ yóò gba ìwé ìkìlọ̀: Alàgbà Àgbà, Alága Ìgbìmọ̀ Ilé àti Ohun Èlò, Olùṣọ́ Gbogbo Kọ́kọ́rọ́, Òpómúléró Ìjọ Aládùúrà Àgọ́ Ìfarabalẹ̀, ẹ̀ka ti Dagenham. Ó tán. Ẹ lè mí báyìí.

Ilé ìjọsìn ọ̀hún kò ju ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lọ, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù Dagenham Heathway, níbi tí wọ́n máa ń to táyà mọ́tò sí tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ kò pé ọgọ́rin. Ṣùgbọ́n bí Alàgbà bá ń wọlé lọ́jọ́ Sunday, ẹ ó rò pé ọba ló ń ti àjò bọ̀. Bùrọ́dà Láyí, akọ̀wé ìjọ, ni í máa ń ṣáájú rẹ̀. Bíbélì Alàgbà á wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, tìmùtìmù tí Alàgbà ń fìdí lé á wà lọ́wọ́ òsì, á sì máa ké pé, "Ẹ dìde fún ọgbọ́n! Ẹ dìde fún ìrírí!" Alàgbà á ju ọwọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin, á ní, "Ẹ jókòó, ẹ jókòó, èèyàn lásán lèmi náà." Ẹni tó bá wá gbà á gbọ́, tó jókòó lóòótọ́, onítọ̀hún ti ṣẹ̀ nìyẹn.

Níbo ló ti kọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ń lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ mọ́tò tí wọ́n bá páàkì síbi tí kò yẹ, ó sì di ọ̀gá nídìí ẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí kò rí mọ́tò lẹ̀wé mọ́, ìjọ ló kọjú sí. Ó ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi ọ̀rá bo ìwé kí omi má bàa bà á jẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lára ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀: ẸNI TÓ BÁ TỌ̀ SÍLẸ̀ YÓÒ JÍYÌN FÚN ÌGBÌMỌ̀. Lára kẹ́tùlù: OMI GBÍGBÓNÁ WÀ LÁBẸ́ ÀṢẸ. Lára makirofóònù: ÌṢẸ́JÚ MẸ́TA PÉRÉ, ÀYÀFI ALÀGBÀ. Lẹ́nu géètì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń dúró sí, ó lẹ èyí tó tóbi jù lọ: IGBÓ MÍMU KÒ JẸ́ KÍ ÀDÚRÀ GBÀ. Gbogbo wọn ló ní ìbuwọ́lù rẹ̀ àti fọ́tò kékeré tó ti ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò fún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn sọ́kàn o.

Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná, ká yà sọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn. Victoria lorúkọ rẹ̀, Ìyá Mofẹ́ ni gbogbo ìjọ ń pè é, ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni. Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó ló ń ṣe láti ilé dé ilé. Tó bá di ọjọ́ Friday, á tún wá gbálẹ̀ ilé ìjọsìn lófẹ̀ẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń kí i kú iṣẹ́. Yàrá ìsàlẹ̀ kan ní Becontree Heath lòun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Mofẹ́olúwa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní Ṣágámù, ó ń retí físà. Ògiri yàrá náà ń làágùn. Èbu dúdú ti gun ara fèrèsé dé òrùlé. Bí Victoria bá fi bílíìṣì nù ún ní Saturday, tó bá fi máa di Wednesday, ó ti padà bí àlejò tí kò nítìjú. Ó kọ̀wé sí onílé. Onílé ní kó máa ṣí fèrèsé. Nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù! Àyà ọmọ wá ń súfèé bó bá ti sùn.

Ohun tó tilẹ̀ wá dun Victoria wọnú egungun ni ọ̀rọ̀ fèrè. Wọ́n fún Mofẹ́ ní fèrè níléèwé, wọ́n sì mú un pé òun nìkan ni yóò fun orin kan níwájú àwọn òbí nígbà ìkórè, ní oṣù kẹwàá. Ọmọ ń fun un nílé, kì í sì í dé ìparí ìlà kìíní. Á gbé fèrè kúrò lẹ́nu, á máa mí gúlegúle. "Mọ́mì," ó ní, "èémí mi ń tán kí orin tó tán." Ilé ìdáná ni Victoria wọ̀ lọ sunkún.

Ìdí nìyẹn tí Ẹgbẹ́ Ìyá Aláàánú fi para pọ̀ ra ẹ̀rọ kan fún un, èyí tí ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tí ilé á fi gbẹ. Dihumidifáyà lorúkọ rẹ̀. Àwọn ìyá náà gbìyànjú láti pe orúkọ yìí, ahọ́n kọ̀ ọ́, ni wọ́n bá kúkú sọ ọ́ ní Famimu. Ní Sunday kìíní oṣù kẹsàn-án, wọ́n yí Famimu wọnú ìjọ tòun ti páálí rẹ̀, wọ́n ń jó. Victoria ti kúnlẹ̀, ó ti na ọwọ́ méjèèjì. Ni Alàgbà bá dìde.

Kí Alàgbà tó sọ̀rọ̀, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ohun tí ìjọ kò mọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Orúnkún ń dun Alàgbà. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń lẹ tíkẹ́ẹ̀tì láyé àtijọ́ ló sọ fún un pé òróró igbó, béèyàn bá fi pa á, kò sí ohun tó dà bí i rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, igbó! Baba tó lẹ̀wé mọ́ géètì ló gbin ìdí mẹ́fà sí yàrá àlejò ilé rẹ̀, lábẹ́ iná. Kò pè é ní igbó rí, àní nínú ọkàn ara rẹ̀. "Ewé oríkèé" ló ń pè é. Ewé oríkèé gbó, ó ṣù dáadáa, Alàgbà gé e. Àfi bí ìyàwó rẹ̀, Olúbùsọ́lá, ṣe ti Birmingham dé, tó fa imú lẹ́ẹ̀kan, tó ní, "Lazarus, ọ̀kan nínú àwa méjèèjì máa kúrò nílé yìí lónìí, èmi tàbí ewé yẹn. Bó bá sì jẹ́ èmi ni, mà á sọ ìdí ẹ̀ fún ìjọ."

Ewé ló kúrò. Kọ́lọ́fín ẹ̀yìn pẹpẹ, níbi tí àwọn akọrin ń fi sùtánà kọ́ sí, ló kó o lọ, ó lé àwọn akọrin jáde, ó lẹ̀wé mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kọ́lọ́fín náà kò ní fèrèsé, ó tutù rinrin, fóònù Alàgbà sì ti kọ́ ọ pé ewé tó bá ń gbẹ níbi tó rin, èbu ni yóò jẹ ẹ́. Èyí tó bá sì gbẹ jù, ó di ìyẹ̀fun lásán. Ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ dúró sí agbede méjì lèèyàn nílò. Ibi tó ti ń rò ó nìyí, ọjọ́ kẹta gan-an, tí àwọn ìyá fi yí Famimu wọlé.

"Ẹ̀yin ìyá," Alàgbà bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìka sókè, "ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n! Ìwé òfin wa, orí kẹrìnlá, ẹsẹ̀ kejì, èyí tí èmi tìkára mi kọ lánàá, sọ báyìí pé ohunkóhun tó bá ń jẹ iná mànàmáná gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àyẹ̀wò Ìgbìmọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Bí iná bá sọ ní ilé opó yìí ńkọ́? Ta ni ayé máa bi?"

"Ẹ̀yin ni, Baba!" Láyí dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ ń dáàbò bò wá!"

"Èmi ò kí ń ṣe opó o," Victoria sọ lórí ìkúnlẹ̀. "Ọkọ mi wà láàyè ní Ṣágámù."

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n ti ń kọ orin ọpẹ́, Famimu sì ti ń yí lọ sí kọ́lọ́fín.

Ẹ wá gbọ́. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ẹ̀rọ idán. Omi tó bá fà nínú afẹ́fẹ́, inú àgbá kékeré kan nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń ro ó sí. Bí àgbá yẹn bá kún, ẹ̀rọ á máa ké, iṣẹ́ á dúró, àfi kí wọ́n da omi nù. Ohun tó gbé Alàgbà jáde ní kọ́lọ́fín ní ìrọ̀lẹ́ Wednesday kan nìyẹn, tòun ti garawa tó fi aṣọ funfun bò. Ta ló wá pàdé lẹ́nu ọ̀nà? Ìyá Ọlọ́ládé, wòlíì obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tó máa ń ríran kódà bó bá ń ṣa ẹ̀wà.

"Alàgbà, kí lẹ gbé?"

"Omi ni, Màmá."

"Omi kẹ̀? Nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ omi, tí kò ní fèrèsé? Ibo lomi ti wá?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí Ọlọ́run ti fẹ́ yọ ọ́ nìyí. Ká ní ó sọ pé, "Màmá, ẹ̀rọ ọmọ Ìyá Mofẹ́ ni mo yá lò," ọ̀rọ̀ á ti parí. Ṣùgbọ́n ojú Màmá ń tàn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wo Alàgbà báyẹn láìjẹ́ pé ó lẹ̀wé mọ́ nǹkan rẹ̀. Alàgbà na ọrùn.

"Láti òfuurufú ni, Màmá."

Kò kúkú purọ́. Ibẹ̀ gan-an ló ti burú. Ìyá Ọlọ́ládé wólẹ̀, ó ké hàlẹ̀lúyà lẹ́ẹ̀méje, ariwo náà sì fa àwọn tó kù wá láti ilé ìdáná. Nígbà tó fi máa di Sunday, ogójì ìgò ti wà nílẹ̀.

Alàgbà ò fi nǹkan jáfara. Ó ṣe òfin ìtò. Ó ní gbogbo ìgò òfìfo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sùn nínú kọ́lọ́fín kí òfuurufú lè dá wọn mọ̀. Ó lẹ̀wé mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, OMI ÒFUURUFÚ, NÍPASẸ̀ ALÀGBÀ L. AKÍNRẸ̀MÍ, tòun ti fọ́tò. Láyí dá ìyìn tuntun sílẹ̀: "Mósè lu àpáta, Alàgbà wa lu afẹ́fẹ́!" Arákùnrin kan wọ́n omi náà sára mọ́tò, ó yege ìdánwò awakọ̀ lẹ́ẹ̀kẹjọ. Òmíràn ṣorí kunkun, ó mu ún, ilé ìtọ̀ ló sùn mọ́jú. Láyí ní ìwẹ̀nùmọ́ ni. Omi ọ̀hún ní òórùn kan tó ń ta sí imú díẹ̀. Wọ́n ní tùràrí ọ̀run ni.

Lẹ́tà dé láti olú ìjọ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù pé Baba Àpọ́sítélì Irewọlé fúnra wọn ń bọ̀ ní Sunday kejì oṣù kẹwàá láti fi Alàgbà jẹ Alábòójútó Àgbà fún gbogbo ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Alàgbà ka lẹ́tà náà fún ìjọ lẹ́ẹ̀mejì, omi sì lé ròrò sí i lójú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó kàn fi ránṣẹ́ kí Baba fọwọ́ sí i ni.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún pé, ó kọjá. Ìkórè iléèwé Mofẹ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀. Victoria lọ bá Alàgbà lábẹ́ àtẹ̀gùn tó ń pè ní ọ́fíìsì.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀rọ ọmọ mi ni mo bá wá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ dá ti pé, ó tilẹ̀ ti lé."

"Ìyá Mofẹ́, àyẹ̀wò wà ní ipele kejì."

"Ipele mélòó ló wà, sà?"

"Ohun tá à ń yẹ̀ wò lọ́wọ́ gan-an nìyẹn."

"Alàgbà, ọmọ mi ò lè mí."

Alàgbà ronú. Ẹ má ṣe rò pé ọkàn òkúta ló ní. Àánú ṣe é, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú ìgò kan. "Gbà. Wọ́n ọn sí i láyà láàárọ̀ àti lálẹ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo fún ọ láìtò."

Victoria fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀, torí pé ẹ̀kọ́ ilé kì í tán lára ẹni kódà bí inú bá ń ru. Ó dé ilé, ó ṣí ìdérí ìgò, ó gbóòórùn ẹ̀. Ọdún márùn-ún ló fi gbé ní Gascoigne Estate kí wọ́n tó wó ilé tó ń gbé, ará ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan sì wà nígbà náà tí èéfín ohun tó ń mu máa ń gun àtẹ̀gùn wá kí i láràárọ̀. Ó mọ òórùn yìí bó ṣe mọ òórùn irú. Ó sì ti ka ìwé ìlò irú ẹ̀rọ bíi Famimu lórí fóònù nígbà mẹ́ta, nígbà tí ẹ̀rọ ò tíì dé pàápàá, torí ó ń wù ú. Ó mọ ibi tí omi ti ń wá ní yàrá tí kò ní ẹ̀rọ omi. Ó fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín tán, omi ò dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀rọ ọmọ mi," ó ní. "Ẹ̀rọ ọmọ mi ló fi ń gbẹ igbó!"

Ta ló máa sọ fún? Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sí Baba Olómi, bí wọ́n ti ń pe Alàgbà nígbà yẹn, àjẹ́ ni wọ́n máa pè é. Ó da omi sí ilé ìtọ̀, ó pa ẹnu mọ́.

Ní Saturday tó tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ́pàá mú ajá wá sí ẹnu ibùdó ọkọ̀ ojú irin Heathway. Ajá dúdú ni, Bísíkíìtì lorúkọ rẹ̀. Ajá ọlọ́pàá tó bá gbóòórùn igbó kì í gbó o, jíjókòó ló ń jókòó síwájú ẹni tó gbé e. Ìyá Ọlọ́ládé àti ìyá mẹ́rin mìíràn ń bọ̀ láti ìpàdé àdúrà, nínú sùtánà funfun, ìgò omi nínú báàgì kálukú. Bísíkíìtì rí Ìyá Ọlọ́ládé, ó jókòó. Ó dìde, ó rí ìyá kejì, ó jókòó. Ìyá kẹta, ó jókòó. Nígbà tó dé orí ìyá karùn-ún, ó ti rẹ ajá, ó kúkú dùbúlẹ̀.

"Ẹ wo iṣẹ́ Olúwa!" Ìyá Ọlọ́ládé ké. "Ajá òyìnbó ń foríbalẹ̀ fún omi!"

Ọlọ́pàá yẹ báàgì wò. Ó rí Bíbélì, ó rí pákò, ó rí ìgò omi. Ó gbóòórùn omi, ó wo fọ́tò ara ìgò, ó tún gbóòórùn ẹ̀. Ó bi Màmá léèrè ta ni ọkùnrin yìí, níbo ló sì ti ń rí omi. Ẹni tó ti ń wá ẹni tí yóò ròyìn fún ni wọ́n bi! Màmá fi Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ṣàlàyé títí ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta fi kọjá. Ó fún un ní ìwé ìpè, ó ní, "Wá sí ìjọ wa ní Sunday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mú ajá rẹ dání, ó ní ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n kí o bọ́ bàtà o."

Victoria, tó ń lọ síbi iṣẹ́, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó yáa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Friday tó ṣáájú ìwúyè pé. Alàgbà fẹ́ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ ní Barking nígbà kẹta, torí ìrù agbádá oyè tó fẹ́ wọ̀ kò tíì gùn tó. Láyí ti lọ gba ìwé ètò. Ni Famimu bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké nínú kọ́lọ́fín pé àgbá kún. Alàgbà wò sọ́tùn-ún, ó wò sósì, Victoria tó ń nulẹ̀ nìkan ló rí.

"Ìyá Mofẹ́, o ti rí ojú rere. Gba kọ́kọ́rọ́. O ó fi ẹ̀yìn wọlé. O ó dijú. O ó máa kọrin. O ó fọwọ́ wá àgbá tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, o ó da omi sínú garawa, o ó sì fi ẹ̀yìn jáde. Bí o bá la ojú, n kò sí níbẹ̀ o!"

"Mo gbọ́, sà."

Báwo lèèyàn ṣe ń dijú fi ẹ̀yìn wọlé kó sì tún fi ẹ̀yìn jáde? Ẹ má bi mí, mi ò sí nínú Ìgbìmọ̀.

Victoria fi iwájú wọlé, ó la ojú méjèèjì. Lórí okùn tí àwọn akọrin ń fi sùtánà kọ́ sí, igbó ló dorí kodò ní ìlà mẹ́ta, ìwé tí wọ́n fi ọ̀rá bò sì wà lára ìdì kọ̀ọ̀kan: EWÉ ORÍKÈÉ. OHUN ÌNÍ ALÀGBÀ L. A. MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN. Famimu wà ní igun, ó ń ké. Páálí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Victoria sì rí ohun tí kò rí lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀. Ẹnì kan nínú àwọn ìyá ti fi bírò kọ ọ́ sí i gbágungbàgun: *Fún Mofẹ́olúwa. Kí o mí dáadáa, ọmọ wa.*

Ó yọ wáyà lára ògiri. Ó da omi nù sójú gọ́tà. Kò fọwọ́ kan ewé kankan, torí òfin ní kó má fọwọ́ kàn án. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ló kó sínú páálí, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ síbi tí wọ́n ní kó fi kọ́ sí, ó fa páálí lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró.

"Mummy, that looks heavy o," dírẹ́bà, ọmọ Nàìjíríà, sọ fún un. "Kí lẹ gbé?"

"Èémí ọmọ mi ni," Victoria sọ, ó jókòó tì í.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò dá títí di Sunday. Gọ́tà òrùlé kọ́lọ́fín ti ń jò láti ọdún mẹ́rin tí Ìgbìmọ̀ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Alàgbà kò yọjú ní Saturday, níwájú dígí ló wà, ó ń kọ́ bí yóò ṣe sunkún nígbà tí wọ́n bá dárúkọ òun.

Sunday mọ́. Ìjọ kún dé ìta. Baba Àpọ́sítélì Irewọlé jókòó, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn pátápátá ni ọlọ́pàá Heathway jókòó sí, láìwọ bàtà, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ti lu, Bísíkíìtì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Alàgbà rí i. Inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ wò ó!" ó ké sínú makirofóònù. "Ìjọba pàápàá ti gbọ́! Ìjọba rán aṣojú wá síbi ìwúyè mi! Baba, kí ẹ tó da òróró sí mi lórí, ẹ jẹ́ ká tọ omi lọ sí orísun rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ojú rí ibi tí èmi àti òfuurufú ti ń pàdé!"

Láyí ké ìyìn Mósè. Wọ́n tò lọ sẹ́nu kọ́lọ́fín, ìrù agbádá Alàgbà ń gbálẹ̀ tí Victoria ti gbá. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, Bísíkíìtì já kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó sá gba àárín ẹsẹ̀ ìjọ, ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn gbọn-in.

"Hàlẹ̀lúyà!" ìjọ hó.

Alàgbà ṣí ilẹ̀kùn.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Tùràrí ọ̀run ti kú, ó ti ń jẹrà. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Lórí okùn, ewé oríkèé ti hu èbu funfun, omi òjò ń kán sí i lórí tó, tó, tó. Kò sí ẹ̀rọ. Kò sí omi. Garawa dorí kodò.

Baba Àpọ́sítélì wò ó pẹ́. "Lazarus," wọ́n ní, "kí nìyí?"

"Imọ̀ ọ̀pẹ ni, Baba. Ti Palm Sunday."

"Alàgbà," Ìyá Ọlọ́ládé sọ, "oṣù kẹwàá la wà."

Òógùn bo Alàgbà. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń rì kì í mọ ohun tó dì mú. Ojú rẹ̀ lọ káàkiri, ó bà lé Victoria. "Òun ni!" ó ké. "Òun ló ń gbálẹ̀ níbí! Òun ló gba kọ́kọ́rọ́ ní Friday! Ọlọ́pàá, ẹ mú un!"

Gbogbo ojú yí sí i. Mofẹ́ dì í láṣọ mú, àyà ọmọ náà ti tún fẹ́ máa súfèé. Bí wọ́n bá mú un lọ, ta ló máa mú ọmọ yìí relé? Físà ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Ó kúnlẹ̀ níwájú Baba Àpọ́sítélì.

"Baba, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé e. Tèmi ni, àwọn ìyá ìjọ ló rà á fún ọmọ mi, orúkọ ọmọ mi ló wà lára páálí. Ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé ara ilẹ̀kùn."

Baba fi awò sójú. Wọ́n kà á sókè ketekete: "ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WỌ YÀRÁ YÌÍ. OHUN GBOGBO TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀, LÁTI ORÍ EWÉ DÉ ORÍ OMI, TI ALÀGBÀ LAZARUS AKÍNRẸ̀MÍ NÌKAN ṢOṢO NI. ÀṢẸ."

Ọlọ́pàá kò gbọ́ Yorùbá. Ó wo fọ́tò ara ilẹ̀kùn, ó wo fọ́tò ara ìgò, ó wo fọ́tò ara igbó, lẹ́yìn náà ó wo Alàgbà. Ẹ̀rín kan náà ló wà nínú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alàgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láyí ti gbé tìmùtìmù sílẹ̀, ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Wọn kò fi Alàgbà sẹ́wọ̀n. Ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ìwé ìkìlọ̀! Ẹni tó ti fún gbogbo Dagenham ní ìkìlọ̀ gba tirẹ̀, wọn kò tilẹ̀ fi ọ̀rá bò ó. Olúbùsọ́lá padà sí Birmingham. Baba Àpọ́sítélì gba kọ́kọ́rọ́ mẹ́tàdínlógún lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní títí di ọdún tó ń bọ̀, bàtà ni kó máa ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ pé ó ti ń lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ Wednesday, ọjọ́ tó ṣáájú ìkórè iléèwé, Ìyá Ọlọ́ládé wá sí Becontree Heath láti wá tọrọ àforíjì. Ó bá Famimu níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ ní igun yàrá. Ó wo òrùlé: Wednesday ti dé, èbu ò padà. Victoria fa àgbá jáde, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ọwọ́ Màmá lọ sí báàgì, níbi tí ìgò wà, kó tó rántí.

"Ara ògiri ló ti wá, Màmá," Victoria sọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dà á nù.

Mofẹ́ gbé fèrè sẹ́nu. Ó fun ìlà kìíní tán, ó wọ ìkejì, ó ń lọ, kò dúró. Nígbà tó fi máa fun orin náà lẹ́ẹ̀kẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í kan ògiri láti yàrá kejì, gbà, gbà, gbà.

"Kí nìyẹn?" Ìyá Ọlọ́ládé bi í.

"Ará ilé kejì ni. Ó ní ariwo ọmọ mi ti pọ̀ jù." Victoria nu ojú rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Dá a lóhùn, Mofẹ́. Tún un fun."